Ṣé "ìṣọdẹ àjẹ́" ni àbí "ìpenilájẹ̀ẹ́"?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ni ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní witch hunt, ìyẹn kí wọ́n máa fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan aláìṣẹ̀ kiri. Àwọn mẹ́ta fọwọ́ sí "ìṣọdẹ àjẹ́". Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ ní "ọdẹ àjẹ́" náà ti tó, kò sídìí fún ìṣọdẹ. Mo dúpẹ́ gidi, mo sì gbé e lé ahọ́n wò. Kò dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 16 ni, ó wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ Maryland. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ ìwádìí kan, kí wọ́n mú The Crucible, eré orí ìtàgé tí Arthur Miller gbé jáde ní 1953, kí wọ́n fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní Salem, ní Massachusetts, níbi tí wọ́n ti gbé àwọn èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn àjẹ́ ní 1692. Ọmọ náà ṣe é dáadáa. Ó rí i pé ọmọ ọdún 11 ni Abigail Williams, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan èèyàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, tí Miller sọ ọ́ di ọmọ ọdún 17. John Proctor, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yẹgi fún, tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ni Miller dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè dá àlè sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wáyé. Ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá tó ń lọ ní ọjọ́ Sátidé wá ní kó sọ iṣẹ́ náà ní Yorùbá níwájú àwọn òbí.

Ó fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ dán ìyá wa wò lórí fóònù. Èmi ni mo di fóònù mú fún wọn nínú pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ní ọdún 1692, àwọn ará Salem ṣọdẹ àjẹ́." Kò tíì dé ìlà kejì tí ìyá wa fi bi í pé, "Àjẹ́ mélòó ni wọ́n rí pa?"

Ọmọ náà dákẹ́. Èmi náà ò rí nǹkan kan sọ.

Ìbéèrè tó yẹ kí etí Yorùbá béèrè ni ìyá wa béèrè. Ẹran ti wà nínú igbó kí ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bó bá pa á bọ̀, ilé á yọ̀, wọ́n á pín ẹran. Ọdẹ kì í ṣe èèyàn ẹ̀gàn láàárín wa, a ń sun ìjálá fún un, a ń kí i pé àrìnpa. Tí a bá wá sọ pé adájọ́ Salem "ṣọdẹ àjẹ́", a ti gbé oyè ọdẹ wọ̀ ọ́, a sì ti gbà pé àjẹ́ wà nínú igbó yẹn kó tó débẹ̀. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ lónìí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ẹran kankan níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lọ́dọ̀ tiwa, àjẹ́ wà.

Mo ní kí ọmọ náà tún un sọ báyìí: "Wọ́n pe àwọn èèyàn kan lájẹ̀ẹ́ ní Salem, wọ́n sì yẹgi fún 19 nínú wọn." Ìyá wa ní, "Ta ló pè wọ́n?"

Ẹ ò rí i bí ojú ṣe kúrò lára ẹni tí wọ́n pè, tó bọ́ sára ẹni tó pe ni? Ibẹ̀ ni mo ti rí "ìpenilájẹ̀ẹ́". Bí pa-ni-lẹ́kún ṣe bí ìpanilẹ́kún ni pe-ni-lájẹ̀ẹ́ ṣe bí i. Ẹni tó ń ṣe é ni apenilájẹ̀ẹ́. Bó bá ti di ti gbogbo ìlú, ká sọ pé ìgbà ìpenilájẹ̀ẹ́ ni. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé wọ́n dáná sun wọ́n, bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́ níbí. Wọn ò dáná sun ẹnikẹ́ni ní Salem. Òkúta ni wọ́n tò lé Giles Corey láyà títí tó fi kú, torí ó kọ̀ láti dáhùn ẹjọ́. Àwọn mìíràn kú sẹ́wọ̀n.)

Ọ̀rọ̀ náà bá ìtàn mu dé egungun. Betty Parris, ọmọ ọdún 9, àti Abigail tí wọ́n jọ ń gbé nílé pásítọ̀ Samuel Parris, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ké. Àwọn àgbàlagbà ń bi wọ́n pé ta ni, ta ni? Wọ́n dá orúkọ mẹ́ta: Tituba, ẹrú inú ilé náà, Sarah Good tó ń tọrọ jẹ, Sarah Osborne tó ń ṣàìsàn. Orúkọ ń bí orúkọ títí ó fi ju 150 lọ. Ẹnikẹ́ni kò tọpasẹ̀ ẹnikẹ́ni wọ igbó. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ ọmọ náà ni ti Rebecca Nurse, torí ọ̀rọ̀ lásán ló pa á, ìdí àtàtà sì nìyẹn fún àwa tí a ń jà lórí ìtumọ̀. Ìyá àgbà ẹni ọdún 71 ni, ìjọ sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ní kò jẹ̀bi. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ̀sùn kàn án bú sẹ́kún nílé ẹjọ́, olórí adájọ́ sì rán àwọn ìgbìmọ̀ létí gbólóhùn kan tí ìyá náà ti sọ. Nígbà tí wọ́n mú obìnrin kan tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n wọlé láti wá jẹ́rìí, Rebecca ní, ọ̀kan nínú wa mà nìyẹn. Ẹni tí a jọ wà ní àtìmọ́lé ló ní lọ́kàn. Wọ́n gbọ́ ọ bíi pé ẹni tí a jọ ń ṣàjẹ́ ló sọ. Wọ́n bi í pé kí ló ní lọ́kàn, kò fèsì. Etí ti di sí i, kò gbọ́ ìbéèrè náà. Wọ́n yí ìdájọ́ padà, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 19, oṣù Keje. Ẹ gbé "ọ̀kan nínú wa" sí Yorùbá, ẹ óò rí i pé "wa" yẹn lè lọ síbi méjèèjì lédè wa náà.

Ó wá kan "àjẹ́" fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí a má lò ó rárá, pé àjẹ́ tiwa kì í ṣe ti àwọn òyìnbó. Mo gbà á ní ìdajì. Àwọn ìyá wa, ẹlẹyẹ, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń tù lójú, kì í ṣe ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé Sátánì. A tún ń sọ pé ọmọ kan ń ṣe àjẹ́ nídìí ìṣirò, a sì ń yìn ín ni. Ní Salem, ẹ̀sùn náà ni pé ẹni náà bá Sátánì dá májẹ̀mú. Mo ní kí ọmọ náà kọ "àjẹ́ tó bá Sátánì mulẹ̀" lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kó wá máa lo àjẹ́ lásán lẹ́yìn ìyẹn. Sátánì o, kì í ṣe Èṣù. Ẹ má jẹ́ kí a tún ti ọ̀nà yẹn wọ wàhálà mìíràn. Kò sì gbọdọ̀ gbàgbé oṣó, torí ọkùnrin márùn-ún wà nínú àwọn 19 náà.

Fún ìjẹ́wọ́, mo fara mọ́ "kà" tí àbúrò wa mú wá. Àjẹ́ kì í jẹ́wọ́ lẹ́nu Yorùbá, ṣe ló ń kà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, tí ó sì ń ka àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Salem. Ẹni tó bá kà, tó sì dárúkọ ẹlòmíràn, wọn ò yẹgi fún un. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe àjẹ́ ni okùn ń dúró dè.

Èyí tó le ni ẹ̀rí. Ilé ẹjọ́ ń gbà á pé ara ẹni kan wà nílé, òjìji rẹ̀ wá fún ọmọ léèékánná lóru, ọmọ nìkan ló sì rí i. Mo dábàá "ẹ̀rí òjìji". "Ẹ̀rí ìran" kò tọ́, torí ìran lè jẹ́ ti wòlíì. Àwa náà ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú òwe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Sarah Good ráhùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan, màlúù ẹni náà kú, wọ́n sì mú un wá sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1692 ni gómìnà William Phips tú ilé ẹjọ́ náà ká, lẹ́yìn tí àwọn pásítọ̀ bíi Increase Mather ti kọ̀wé pé irú ẹ̀rí yìí kò tó láti fi pa èèyàn.

Nígbà tí a dé ibí yìí lórí fóònù, ìyá wa ní, "Bí i ti Àtíǹgà." Apá Mẹ́kọ̀ ni wọ́n ti dàgbà. Ọmọ kékeré ni wọ́n ní 1951 nígbà tí àwọn alátíǹgà, àwọn tó ń wá àjẹ́ kiri, ti Gold Coast gba Dàhòmì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí wọ́n ń to àwọn obìnrin jọ, tí wọ́n ń fi bí adìẹ ṣe ṣubú kú dájọ́ ẹni tó jẹ́ àjẹ́, kí ìjọba tó fi òfin dè é. Ìyá wa ní ìyá tó bí àwọn gbé adìẹ tirẹ̀ lọ. Àwọn rántí pé pupa ni adìẹ náà, pé ìyá wọn dì í mọ́ra bí ọmọ. Wọn ò sọ bó ṣe ṣubú, a ò sì béèrè.

Ẹni tó ní "ìpenilájẹ̀ẹ́" kò lè ru ìtumọ̀ ti òṣèlú, ẹ wo Miller fúnra rẹ̀. Nítorí bí wọ́n ṣe ń wá àwọn kọ́múníìsì kiri ní Amẹ́ríkà ló ṣe kọ eré náà. Ní 1956, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pè é, wọ́n ní kó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣèpàdé. Ó sọ tara rẹ̀, ó kọ̀ láti dárúkọ ẹlòmíràn. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1957, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre ní 1958. Orúkọ náà ni wọ́n tún ń wá. "Pè" ru ú láìsí ìnira.

Lórí àkọlé eré náà, "Ìléru" ni àwọn kan fẹ́. Iná wà nínú ìléru lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò tí asúdẹ fi ń yọ́ idẹ ni Miller ní lọ́kàn. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ orúkọ tí àwọn asúdẹ ìlú rẹ̀ ń pe ìkòkò náà, ẹ bá mi fi ránṣẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa kà á, ìyá wa sì ti ní kí n gba agbára sí fóònù dáadáa.