Jíípù àtijọ́ mi ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, check engine ò sì tàn

Awakọ̀_Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Jíípù V6 lítà 4.0 ni mò ń wà, ti ọdún 2004, jíà ọ̀tọ́ọ̀, four-wheel. Tẹ́lẹ̀, lítà 13 sí 14 ló máa ń jẹ ní kìlómítà 100 tí mo bá pa ìrìn àárín ìlú àti ti ọ̀nà jíjìn pọ̀, mi ò sì ráhùn nítorí mo mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá ni. Àmọ́ láti bí oṣù mélòó kan ó ti ń sún mọ́ 19, ọ̀nà kan náà ni mò ń gbà, èmi náà ni mò ń wà á. Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ air filter, mo tún da oògùn tí wọ́n fi ń fọ nọ́sù sínú tánkì, ibi pẹlẹbẹ náà la ṣì wà. Mẹkáníìkì kan ní ká pààrọ̀ oxygen sensor (ohun tó ń wọn oxygen inú èéfín) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òmíràn ní fuel pump ni, ẹnìkẹta ní kí n gba kámú pé bí jíípù tó ti dàgbà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọkọ̀ ò gbọ̀n, kò kọ iṣẹ́, ó kàn ń mu epo ṣáá ni. Ta ni kí n gbọ́ nínú àwọn mẹ́ta yìí?

Bàbá_Tọ́tù:
Má tíì gbọ́ ẹnì kankan nínú wọn. 19 tó o ń sọ yẹn, báwo lo ṣe kà á? Tó bá jẹ́ géèjì epo lo fi ń wò ó, irọ́ ló máa ń pa, pàápàá nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ohun tó ń léfòó nínú tánkì ti gbó. Kún tánkì títí tí ọwọ́ pọ́ńpù á fi já fúnra ẹ̀, tẹ trip padà sí òdo, wà á títí tánkì á fi kọjá ìdajì, padà sí pọ́ńpù kan náà kún un títí tó máa tún já, kó o wá pín iye lítà tó wọlé pẹ̀lú iye kìlómítà, kó o fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Má fún un mọ́ lẹ́yìn tó bá já o, ibẹ̀ ni ìṣírò ti máa ń bàjẹ́.

Ìbéèrè kejì, ṣé o ò pààrọ̀ táyà láìpẹ́ yìí? Táyà tó bá ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ilẹ̀ tó gbà ju èyí tí odometer rò lọ, nítorí náà kìlómítà tó máa kà á kéré sí ibi tó o rìn dé gangan, ìwọ á wá rò pé epo lo ń sun. Kò lè ti 14 dé 19 láé, ṣùgbọ́n ó lè dá kún un.

Oní_Sikánà:
Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ air filter yẹn ń dùn mí nígbà gbogbo, gbogbo èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ sáré sí i. Ayé kábúrétọ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń lo ìńjẹ́tọ̀, afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ló máa ń wọ̀n kó tó fún un lépo, tí fíltà bá dí, agbára ló máa kọ́kọ́ relẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ yá sikánà, èyí kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ti tó, ẹ kì í bọ ojú OBD (ihò tí wọ́n ti ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀) lábẹ́ sítíárìn, ẹ má wo code nìkan, ẹ ṣí live data. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú lọ́nà tó já geere, kí ẹnì kejì máa wo coolant temperature (bí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ṣe gbóná tó). Ó yẹ kó ti wà láàárín 80 sí 95°C. Tó bá jẹ́ 65 tàbí 70 ló ń ṣe tí kò kọjá ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì yín ò gbóná rí. Brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) á máa rò pé àárọ̀ ṣì ni, pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n sáná sí ọkọ̀, á sì máa fi epo kún epo. Kì í tún ṣe ìyẹn nìkan, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ọ̀tọ́ọ̀) ò ní lock, nígbà míì jíà tó ga jù ò ní wọlé, tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ẹ á kàn rí i pé RPM ga lórí eré tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ kì í ga.

Ẹ má fọkàn tán géèjì orí dashboard, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe kó dúró sójú kan láàárín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbóná ń lọ ń bọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n fọwọ́ kan rédíétọ̀ tàbí thermostat yín (fáàbù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) gbẹ̀yìn?

Ẹ tún bá mi wo fuel trim méjèèjì, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún (%) tí brain box fi ń bu epo kún tàbí kù, long term, bank 1 àti bank 2 (apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì V6). Láàárín −5 sí +5 kò sí wàhálà. Tó bá ti kọjá −10, epo ń wọlé ju bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ nọ́sù tó ń jò tàbí pressure tó ga jù. Tó bá kọjá +10, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé láì wọ̀n, tàbí MAF (ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) ti dọ̀tí.

Mama_Jíà:
Ẹ̀yin ọkùnrin, gbogbo nǹkan ẹ́ńjìnnì ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ lè sun epo láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ṣe nǹkan kan, tí nǹkan bá ń fà á sẹ́yìn. Àbúrò, wà á lọ síbi tí kò sí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, má tẹ bíréèkì púpọ̀, jẹ́ kó fúnra ẹ̀ rọra dúró, sọ̀kalẹ̀ kó o gbé ọwọ́ sún mọ́ rím mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì ẹ̀ ní òdìkejì, caliper ibẹ̀ ló ń di bíréèkì mú. Ìyẹn wọ́pọ̀ lára jíípù tó ti pẹ́, ìpẹtà á wọ pin tó yẹ kó máa yọ̀ síwá sẹ́yìn. Wo bọ́tìnnì overdrive (jíà tó ga jù) náà lára ọ̀pá jíà, ẹlòmíì á fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ pa, á wá máa wá nǹkan tí kò sọnù.

Awakọ̀_Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kún tánkì bí bàbá ṣe wí, 18.6 ló jẹ́, kò jìnnà sóhun tí mo sọ. Mi ò pààrọ̀ táyà. Overdrive wà ní ṣíṣí. Coolant ò kọjá 71°C, tí mo bá sáré tí atẹ́gùn ń fẹ́ ó tún ń wálẹ̀ sí 66. Fuel trim jẹ́ −4 àti −3. Rím ẹ̀yìn apá ọ̀tún gbóná ju ti òsì díẹ̀. Mo wá rántí pé wọ́n pààrọ̀ water pump lọ́jọ́sí nítorí ọkọ̀ ń gbóná, mo pe ẹni tó ṣe é, ó ní òun yọ thermostat dànù kí ọkọ̀ má bàa gbóná mọ́ 😩

Oní_Sikánà:
Haà! Water pump ló ń dá wàhálà sílẹ̀, thermostat ni wọ́n wá lọ fìyà jẹ, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ ra èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu (wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀, 82°C tàbí ohun tó bá jọ ọ́), ẹ má gba àlòkù, ẹ fi gasket tuntun sí i, kí ihò kékeré tó wà lára ẹ̀ kọjú sókè kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè jáde. Tí wọ́n bá da coolant sí i tán kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde dáadáa, heater á wà ní ṣíṣí títí ìgbóná á fi máa jáde nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn náà lẹ máa mọ̀ bóyá rédíétọ̀ mọ́ nínú tàbí ó ti dí, nítorí tó bá tún ń gbóná lẹ́yìn thermostat tuntun, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Oxygen sensor, ẹ fi sílẹ̀ ná. Trim yín dáa, méjì tó wà níwájú catalytic (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lára sálẹ́ńsà) ló ń bá brain box ṣètò epo, méjì ẹ̀yìn catalytic ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì wo nǹkan kan, owó yín ló ń wò.

Mama_Jíà:
Àti caliper apá ọ̀tún yẹn o, má rò pé díẹ̀ ni. Jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ pin méjèèjì, kí wọ́n fi gírísì bíréèkì sí i, kì í ṣe gírísì bíárìn. Tó bá jẹ́ piston fúnra ẹ̀ ló di, gírísì ò ràn án. Ṣe é lọ́tọ̀, kó o tún ka epo lẹ́yìn thermostat kó o tó ṣe é, wàá mọ èwo ló dá iye wo padà.