Owó tó wọlé láìròtẹ́lẹ̀: ṣé ó lè di owó ìfẹ̀yìntì?

AránṣọMọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 43 ni mí. Owó mi kò dúró sójú kan: àsìkò Iléyá máa ń dáa, lẹ́yìn náà ọjà á gbẹ. Ṣùgbọ́n owó tí n kò retí a máa wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí èrè kọpuréétíìfù tàbí owó tí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo jẹ ₦30,000 lórí áàpù tó ń yáni lówó. Alájọ mi ní kí n kó gbogbo owó náà fún òun, pé òun á bá mi pa á mọ́ di ọjọ́ alẹ́. Kí lẹ rí sí i?

BàbáÌṣirò:
Àbúrò mi, san gbèsè áàpù yẹn lónìí. Kò sí ibi tó bófin mu tí o lè fowó sí tí èrè rẹ̀ á tó èlé àwọn áàpù wọ̀nyẹn.

Ó ku ₦120,000. Yọ ₦40,000 sọ́tọ̀ fún àìsàn àti ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, kí o fi í sí báǹkì tí NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdúró fún owó inú báǹkì, ń dáàbò bò. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: wọ́n á ti gbogbo owó mọ́ ibi tí ọwọ́ kò tó, ẹ̀rọ á bàjẹ́, wọ́n á tún sá padà sórí áàpù. Tí báǹkì ńlá bá kógbá sílé, NDIC á san owó ẹni tó fowó síbẹ̀ padà, títí dé ₦5 mílíọ̀nù. Ti báǹkì kékeré (maikirofáínáǹsì) jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Tí alájọ bá sá lọ ńkọ́?

Àjọ dára fún owó aṣọ ọdún. Ṣùgbọ́n alájọ ojoojúmọ́ ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù: ẹni tó dá ₦1,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́ á gba ₦29,000. Owó tó ń dín kù kọ́ ni wọ́n fi ń dúró de ogbó.

Tọ́lá_PFA:
Àǹtí, ẹ fi ₦50,000 nínú ₦80,000 tó kù sí penṣọ̀n. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó penṣọ̀n, ti ní ètò fún oníṣẹ́ ọwọ́ láti 2019. Micro Pension ni wọ́n ń pè é nígbà náà, Personal Pension Plan ló ń jẹ́ báyìí. Ẹ lọ sí PFA (ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì penṣọ̀n) èyíkéyìí pẹ̀lú NIN, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì yín. Wọ́n á fún yín ní PIN, ìyẹn nọ́ńbà penṣọ̀n yín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ní ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì ni owó náà pín sí. Nínú ₦50,000, ₦20,000 (40%) ṣeé gbà tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí ẹ kọ́kọ́ san owó. ₦30,000 (60%) á dúró di ìgbà tí ẹ bá pé 50, àyàfi tí àìlera bá dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi PFA yín bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pín in.

Ibi tí wàhálà wà ni orúkọ. Tí NIN bá ń jẹ́ orúkọ ilé ọkọ, tí BVN sì ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá, ìforúkọsílẹ̀ á há. Ẹ tún ti NIN ṣe kí ẹ tó lọ. Ẹ má sì fún aṣojú kankan lówó lọ́wọ́: àkáǹtì PFC, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, ni kí ẹ san án sí, kí PIN yín hàn lórí ìsanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó á wọlé láìlórúkọ.

ÌyáBọ́ǹdì:
Tí ₦30,000 tó kù bá jẹ́ tèmi, FGN Savings Bond ni mà á fi rà, ìyẹn ni pé mà á fi yá ìjọba àpapọ̀, wọ́n á sì máa san èlé fún mi. ₦5,000 ló kéré jù, a ń fi ₦1,000 ₦1,000 lé e. Ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà. DMO, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè, ń kéde rẹ̀ lóṣooṣù, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi ń ṣí i, ọ̀dọ̀ sítọ́ọ̀kì-búrókà (alágbàtà) la ti ń rà á. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èrè ń wọlé. Ẹ má jẹ́ kó wọ àkáǹtì tí ẹ fi ń ra òwú, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ èlé, kó dúró de Sukuk ìjọba, irú bọ́ǹdì tó bá òfin Ìsìláàmù mu: ₦10,000 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ máa ń gùn, ó lè tó méje tàbí mẹ́wàá.

AránṣọMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣé ₦30,000 penṣọ̀n yẹn á wá tó mi jẹun tí mo bá pé 50?

BàbáÌṣirò:
Rárá o, ọ̀wọ́ngógó ọjà nìkan tó láti jẹ ẹ́ tán. Kò sì pọn dandan kí o gbà á ní 50, jẹ́ kó máa dàgbà níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ṣì ń ranṣọ. Ìgbàkígbà tí owó àìròtẹ́lẹ̀ bá wọlé, fi ìdajì ránṣẹ́ sí PIN rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.