Re: "Àrùn ìgbẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀": orúkọ tó máa ṣi àgbẹ̀ lọ́nà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Ẹni tó mú "àrùn ìgbẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀" wá fún ìwé àrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń túmọ̀ sí Yorùbá ní ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí pe gbogbo àrùn tó ń mú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dorí kodò. Mi ò gbà. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀ bí àwọn akọ̀ròyìn ti máa ń ṣe, kí ẹ wá tún un kà: ìgbẹ́ ni gbogbo ayé máa kà, wọ́n á ní ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ohùn ṣì kéré. Kò sí àgbà àgbẹ̀ tó máa rí ewé tútù tó wó lulẹ̀ tí yóò ní ó gbẹ. Á ní ó rọ. Rọ, ohùn àárín! Kì í ṣe rẹ̀, tó jẹ́ ti àwọ̀ àti ti àárẹ̀, bó ti wù kí ẹnì kan tẹnu mọ́ ọn tó pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí nílùú òun.

Àrùn tí ẹ ń túmọ̀ ìwé rẹ̀ ni èyí tó yọjú ní Mukono, ní Uganda, lọ́dún 2001, tí àwọn Baganda ń pè ní kiwotoka. Bakitéríà Xanthomonas ló ń fà á. Ẹ gé ìtì tó ní in ní ìbú, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 sí 15: omi kíki aláwọ̀ ìyeyè á máa sun jáde bí ọyún. Kí ló wá gbẹ níbẹ̀? Èso rẹ̀ á pọ́n kó tó gbó, apá kan á pọ́n, apá kejì á wà ní tútù, tí ẹ bá sì là á, inú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú.

Èkejì ni àrùn Panama, ti fọ́ńgọ́ọ̀sì Fusarium. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti dàgbà ló ń kọ́kọ́ pọ́n láti etí, wọ́n á ṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n á rọ̀ yí ìtì ká, ìdí ìtì á sì là. Ẹ gé e, ẹ ó rí ilà pupa rúsúrúsú, ṣùgbọ́n omi kíki yẹn kò ní sun, inú èso á sì mọ́. Òun ló lé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gros Michel kúrò lọ́jà àgbáyé tí irú mìíràn, Cavendish, fi gba ipò rẹ̀, ẹ̀yà àrùn Panama tí wọ́n ń pè ní TR4 sì ti ń pa Cavendish náà báyìí: ó wọ Mozambique ní 2013, ó wọ Colombia ní 2019.

Ẹ wo ohun tí orúkọ kan ṣoṣo máa fà. Ti Uganda, ìtì tó ní in nìkan ni wọ́n ń gé, ní ìpele ilẹ̀. Wọn kì í wú gbogbo ìdí rẹ̀, torí bakitéríà náà kì í sábà dé ara gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Kí àdá tó kan ìdí mìíràn, wọ́n á fi sínú iná títí ọwọ́ ò fi ní lè gbà á, tàbí kí wọ́n rì í sínú háípò ife 1 tí wọ́n fi omi ife 5 là. Òdòdó àlùkò tó rọ̀ sísàlẹ̀ èso, ọ̀pá onípàlàkà ni wọ́n fi ń yí i já, kété tí ọ̀wọ́ èso tó kẹ́yìn bá ti yọ. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gé e ti ba iṣẹ́ jẹ́. Tí ilẹ̀ bá wà láìsí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún oṣù 6, wọ́n lè tún un gbìn. Ti Panama kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ó lè wà nínú ilẹ̀ ju ogún ọdún lọ, ẹrẹ̀ ara bàtà àti ọkọ́ ń gbé e kiri, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣí láti oko tó ti ní in ń gbé e kiri, kò sì sí oògùn kankan tí wọ́n lè fín sí i. Iná tí wọ́n fi ń sun àdá nìkan kò lè dá a dúró.

Ẹnì kan fèsì pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, ká yé jà lórí orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, àdá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Ohun tí mo dábàá ni *arọwé*: a-rọ-ewé. Àwọn tó ní "rọ" kì í gba àbọ̀ (ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe), ṣé wọn ò gbọ́ *rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀* rí ni? Ti Uganda á jẹ́ *arọwé àdá*, ti Panama á jẹ́ *arọwé ilẹ̀*. Ẹ ó ní kòkòrò tó ń fò náà ń gbé ti Uganda. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ibi tí òdòdó yẹn ti ń re ni wọ́n sábà ń gbà wọlé, ọ̀pá onípàlàkà sì ti dí i. Àdá ní tirẹ̀ lè kárí oko láàárọ̀ kan.

Àrùn Bunchy Top tí wọ́n tún kó mọ́ ọn, tó ti wà ní Benin àti Nàìjíríà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ewé kì í rọ níbẹ̀. Ṣe ló ń dúró ṣánṣán, tó kéré, tó sì ṣù jọ lórí.

Ẹ sì tún "igi ọ̀gẹ̀dẹ̀" ṣe ní gbogbo ibi tó ti jẹ yọ nínú ìtumọ̀ náà. Ìtì là ń pè é.