Ẹ sọ ìrírí yín: oògùn angina ní wọ́ọ̀dù

Nọ́ọ̀sì Lágéré: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní wọ́ọ̀dù báyìí, kí lẹ ti fojú ara yín rí nípa oògùn angina, ìyẹn àyà tó ń dunni torí ẹ̀jẹ̀ ò dé iṣan ọkàn tó? Ẹ jẹ́ ká gbọ́, ìdánwò ti dé tán.

Ọmọ Adétí: Tèmi, Ilẹ́ṣà ni. Bàbá kan fọwọ́ tẹ àyà, wọ́n ní ó ń fún àwọn bí ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ lé e, mo bá fún wọn ní GTN (glyceryl trinitrate, oògùn angina) pé kí wọ́n fi sábẹ́ ahọ́n, bí mo ṣe yíjú báyìí bàbá ti fomi gbé e mì, wọ́n ní ṣé kì í ṣe oògùn ni. Sístà ló wá fi òmíràn sí wọn lábẹ́ ahọ́n fúnra wọn. Kò pẹ́ tí àyà fi tú sílẹ̀, orí ló wá ń fọ́ wọn.

Àǹtí 400L: Ẹ̀dọ̀ á ti run èyí tí wọ́n gbé mì kó tó dé ibi tó ń lọ. Abẹ́ ahọ́n ló ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ tààrà.

Délé Máyéfíà: Orí fífọ́ yẹn la fi ń mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́.

Àǹtí 400L: Rárá o Délé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń fẹ̀ lórí náà ló fà á, àmọ́ orí ẹlòmíì kì í fọ́ rárá, àyà á sì tú. GTN ń di nitric oxide, afẹ́fẹ́ kan tó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, nínú ara, iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà á dínkù, iṣẹ́ ọkàn á fúyẹ́.

Ìyá Ìbejì: Inú ìgò rẹ̀ ni kí GTN wà o, ẹ má dà á sínú láílọ́ọ̀nù.

Délé Máyéfíà: Mo gbà. Ẹ gbọ́ èyí: bọ̀dá kan lo GTN, bípí já wálẹ̀, òógùn bò wọ́n. A ti bi wọ́n pé ṣé wọ́n lo Viagra, wọ́n ní rárá, ìyàwó wọn wà nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí ìyàwó lọ ra omi ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé alẹ́ àná làwọn lò ó.

Ọmọ Adétí: Yéè!! Ìyàwó ńkọ́, ó mọ̀?

Nọ́ọ̀sì Lágéré: Èwo ni tìyàwó níbẹ̀? Kò tíì pé wákàtí 24 tí wọ́n lo Viagra kí wọ́n tó lo GTN ni wàhálà, àwọn méjèèjì ló jọ ń já bípí wálẹ̀.

Délé Máyéfíà: A gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, a fún wọn ní dírípù, wọ́n bọ́ ṣá. Látìgbà náà n kì í bèèrè lójú ìyàwó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ale, agbo ọkùnrin tí wọ́n ń tà nínú ìgò, kún ìbéèrè yín, ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ọmọ Adétí: Agbo ò ṣe nǹkan kan jàre, bàbá mi ń mu ún.

Ìyá Ìbejì: Ṣé bàbá ẹ ń lo GTN?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlódè: Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣàdédé dá atenolol dúró torí àyà ò dùn wọ́n mọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó padà, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣebí oògùn yẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù.

Àǹtí 400L: Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in kù. Wọ́n ti padà sórí ẹ̀ báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlódè: Bẹ́ẹ̀ ni ma. Èmi ni mo ń ka oògùn wọn láràárọ̀.