Báàgì kan ṣoṣo fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ

Àbúrò Yín: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ fẹ́ gbé mi kiri ìlú mélòó kan fún oṣù díẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ẹrù kankan sí ikùn bàálù. Mo ti ra àwọn ọ̀rá tí wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, síbẹ̀ báàgì ò pa dé. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, ọ̀rá yẹn kàn ń fún aṣọ pọ̀ ni, kò dín ìwọ̀n kìló kù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ni kì í gbà ju kìló 7 sí 10 lọ lọ́wọ́ èrò. Kó tó kan aṣọ, wọn báàgì rẹ lófìfo. Àwọn onítáyà mìíràn ti tó kìló 3 fúnra wọn. Tó bá jẹ́ 7 ni wọ́n fún ọ, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ dé ìdajì láìtíì kó pátá kan. Wá àpò ẹ̀yìn tó fúyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Arìnrìnàjò: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, àmọ́ aṣọ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iye oṣù tí o fẹ́ lò kò kan iye aṣọ tó o máa kó. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ni kó o kó, ì báà ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lo máa lò, ì báà ṣe ọdún kan, torí o ṣáà máa fọṣọ. Bí o bá mú aṣọ kọ̀ọ̀kan dání, bi ara rẹ pé: tí mo bá fọ èyí lálẹ́, ṣé á ti gbẹ kílẹ̀ tó mọ́? Jíǹsì ò ní gbẹ. Owú máa ń mumi, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Pólíẹ́sítà àti nylon máa ń yá gbẹ, àfi pé òórùn ara tètè ń lẹ̀ mọ́ pólíẹ́sítà. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn merino hun ni mo fẹ́ràn jù, o lè wọ̀ ọ́ léraléra kó má rùn. Ó wọ́n o, mi ò ní parọ́, méjì ti tó.

Tí kò bá sí oòrùn níbi tó o dé sí, fún aṣọ náà dáadáa, tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì gbígbẹ, ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, kó o wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tówẹ̀lì á fa omi tó kù. Ìgbà yẹn ni kó o tó sá a.

Àbúrò Yín: Ẹ ṣeun gan-an. Bàtà ń kọ́? Mo ti ṣa mẹ́rin sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mẹ́rin kẹ̀! Ẹsẹ̀ mélòó lo ní? Méjì. Èyí tó wúwo jù àti kóòtù rẹ, wọ̀ wọ́n sára lọ sínú bàálù. Ki ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà kejì. Ọṣẹ líle ni kó o mú, kì í ṣe olómi. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ìgò olómi ò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ, ìgò fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò o, kì í ṣe ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Oníná: Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ọwọ́ ni power bank gbọ́dọ̀ wà, kò gbọdọ̀ wọ ikùn bàálù láéláé. Wo watt-hour tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú. Tí kò bá ju 100 lọ, o ò nílò àṣẹ. Láti 100 sí 160, ilé iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ mAh, ìyẹn ìwọ̀n míì tí wọ́n fi ń wọn bátìrì, ni wọ́n kọ sára rẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, kó o pín in sí 1,000. 20,000 mAh á fún ọ ní watt-hour 74. Tí wọ́n bá ní àyè ẹrù tó wà lókè orí èrò ti kún, tí wọ́n fẹ́ gba báàgì rẹ lẹ́nu ọ̀nà bàálù, yọ power bank àti oògùn rẹ jáde kí wọ́n tó gbé e lọ.

Àbúrò Yín: Mo ti wọn báàgì náà lófìfo. Kìló 3.4! Ọ̀la ni mò ń dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ̀gbọ́n Arìnrìnàjò: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí o bá ra òmíràn, di ẹrù sí i, gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kó o fi gun àtẹ̀gùn dáadáa kó tó dọjọ́ ìrìn àjò. Ohunkóhun tó o bá kó torí “bóyá màá nílò ẹ̀”, yọ ọ́, wọ́n ń tà á níbi tó ò ń lọ. Àfi oògùn àti gíláàsì ojú.