Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọgbà láì ba ilẹ̀ jẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ní ilé-iṣẹ́ kan. Ọgbà náà fẹ̀: pápá koríko wà níwájú, òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igi ńlá àti igi kéékèèké wà káàkiri. Iṣẹ́ yìí wù mí gan-an, ṣùgbọ́n bí mo ṣe bá ilẹ̀ náà ń kọ mí lóminú.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bomi rin koríko, síbẹ̀ ó ń pọ́n. Wọ́n máa ń gé e mọ́lẹ̀ débi pé erùpẹ̀ ń hàn. Gbogbo ewé tó bá já ni wọ́n ń gbá jọ tí wọ́n ń sun. Lẹ́yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́, àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi méjì sì ti yọ síta. Ní igun kan, omi máa ń dágún, kì í tètè gbẹ. Àwọn igi kéékèèké tí wọ́n gbìn sì wà lójú kan náà, wọn ò kú, wọn ò dàgbà.

Àwọn ọ̀gá ní kí n kọ orúkọ ajílẹ̀ àti oògùn tí wọn yóò rà wá. N kò fẹ́ kọ ohunkóhun nígbà tí n kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni mo sì ti lè kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa?

Èsì kìíní

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi nínú, torí àwọn tó ń béèrè kí wọ́n tó ra oògùn kò pọ̀. Má tíì kọ orúkọ kankan fún wọn. Ilẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò.

Mú ṣọ́bìrì, gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ntímítà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán: ibi tí koríko ti ń pọ́n, ibi tí omi ti ń dágún, àti ibi tí nǹkan ti ń hù dáadáa. Bu erùpẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́, kó o gbóòórùn rẹ̀. Erùpẹ̀ tí omi ti rin gbingbin tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọ̀ máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wò ó bóyá ekòló wà níbẹ̀, kó o sì wo ibi tí gbòǹgbò koríko jìn dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ìgò tó mọ́ gaara. Bu erùpẹ̀ dé ìdajì rẹ̀, da omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, dé e, mì í títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pòpọ̀, kó o gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Èyí tó kúnná jù yanrìn yóò tẹ̀lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ ni yóò pẹ́ jù, ó lè di ọjọ́ kejì kí omi tó tòrò. Ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á hàn kedere lára ìgò, wàá sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ.

Padà sídìí ihò. Da omi kún un, jẹ́ kó fà tán, tún da òmíràn sí i, kó o wá máa wo aago. Bí omi bá ń fà tó 2.5 sí 7.5 sẹ̀ntímítà láàárín wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ewéko á ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò lè máa rà sínú omi. Ohun tí ihò yìí bá sọ fún ọ, kò sí oògùn tó lè sọ ọ́.

Èsì kejì

Ti koríko ni tèmi. Ẹ má ṣe bomi rin ín lójoojúmọ́ mọ́. Omi díẹ̀díẹ̀ tí kì í wọlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí gbòǹgbò koríko rìn sísàlẹ̀. Bí oòrùn bá wá mú díẹ̀, ó ti gbẹ. Ẹ bomi rin ín kó wọlẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ títí òkè ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí oòrùn tó fa omi náà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye omi tó ń bọ́ sílẹ̀, ẹ to agolo òfìfo díẹ̀ sáàárín koríko kẹ́ ẹ tó tan omi, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọn ohun tó wà nínú wọn. Ẹnu á yà yín bí ibì kan ṣe ń gba ìlọ́po méjì ibòmíràn.

Ní ti gígé, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ẹ̀rọ agékoríko sókè, kẹ́ ẹ sì pọ́n abẹ rẹ̀, torí abẹ tó kú ń fa koríko ya ni, etí ibi tó ya á sì gbẹ. Èyí tí ẹ gé, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ kó jẹrà. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Èsì kẹta

Ọ̀rọ̀ àwọn igi kéékèèké yẹn ló mú mi dá sí i, torí mo ń rí i níbi púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ igi tó wà lójú kan náà, ìṣòro wọn wà ní ìdí wọn, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í wò.

Kúnlẹ̀ ti ọ̀kan nínú wọn. Bí ara igi bá wọlẹ̀ ṣánṣán, tí o kò rí ibi tó ti fẹ̀ kó tó di gbòǹgbò, wọ́n ti gbìn ín jìn jù nìyẹn, tàbí wọ́n ti wọ́ erùpẹ̀ bò ó. Fi ọwọ́ wú erùpẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má lo ọkọ́, títí wàá fi kan ibi tó ti fẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí afẹ́fẹ́. Bí o ṣe ń wú u, o lè bá gbòǹgbò kan tó ti yí ara igi ká. Inú ike tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí igi bá ń sanra, tí gbòǹgbò yẹn náà ń sanra, yóò fún un lọ́rùn pa. Bí ó bá ṣì tín-ín-rín, gé e. Bí ó bá ti nípọn, pe ẹni tó mọ̀ nípa igi kó bá ọ wò ó kó o tó fi ayùn kàn án.

Bí o bá fẹ́ gbin òmíràn, kí ihò náà fẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìdì gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí èérún igi yí i ká, kó nípọn tó 5 sí 10 sẹ̀ntímítà, kó má sì kan ara igi. Àwọn kan máa ń kó o jọ gegele sí ara igi. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i, torí èèpo igi á máa rà lábẹ́ rẹ̀.

Nípa gígé ẹ̀ka: má bẹ́ orí igi. Níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ara igi, wàá rí i pé ó wú díẹ̀ yí ká. Ẹ̀yìn ibi tó wú yẹn gan-an ni kó o ti gé e, má gé e wọnú ara igi, má sì fi kùkùté sílẹ̀. Má kun ojú ọgbẹ́ náà ní ọ̀dà. Alex Shigo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣiṣẹ́ ní àjọ igbó ọba Amẹ́ríkà, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi lóòró láti wo inú wọn. Ohun tó fi hàn ni pé igi máa ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká fúnra rẹ̀, ọ̀dà kì í ràn án lọ́wọ́.

Èsì kẹrin

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ kí ẹ má rò pé a kì í fún ilẹ̀ ní ajílẹ̀ rárá. Ilẹ̀ kan wà tí nǹkan kan ṣaláìní nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi mélòó kan, ẹ pò ó pọ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á sọ pH rẹ̀ fún yín, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó (6 sí 7 ló bá ọ̀pọ̀ ewéko lára mu), àti oúnjẹ ewéko tó kù díẹ̀ káàtó. Ìwé tí wọ́n bá fún yín ni kẹ́ ẹ gbé síwájú ọ̀gá. Ajílẹ̀ tí ilẹ̀ kò nílò kì í dúró níbẹ̀. Òjò á gbá a lọ sínú odò, ewédò á bo ojú omi, nígbà tó bá sì kú tó ń jẹrà, á gba èémí lẹ́nu ẹja.

Èsì karùn-ún

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ibi tó ṣe gẹ̀rẹ́ yẹn, torí ìyẹn ò ṣeé fi dúró. Ẹ má da erùpẹ̀ púpọ̀ bo gbòǹgbò tó yọ síta o, kò ní lè mí. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ dà á, kẹ́ ẹ wá fi ewé gbígbẹ bò ó.

Òkè ibẹ̀ lẹ ti máa dá omi dúró. Ẹ fi igi méjì tó gùn bákan náà ṣe ẹsẹ̀, ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ fi ẹ̀kẹta dábùú wọn láàárín, kẹ́ ẹ wá so okùn tó ní òkúta lẹ́nu mọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi àárín. Ẹ pa ipò ẹsẹ̀ méjèèjì dà, ẹ tún sàmì. Agbede méjì àmì náà ni okùn máa ń wà bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba. Ẹ máa gbé e kiri lórí ilẹ̀ náà, ẹ óò rí ìlà tí ilẹ̀ ti dọ́gba láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Orí ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ gbin koríko vetiver sí, kó sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Gbòǹgbò rẹ̀ lè rìn ju mítà mẹ́ta lọ sísàlẹ̀. Àgbàrá tó bá dé ibẹ̀ á rọra, á sì fi erùpẹ̀ tó gbé sílẹ̀.

Igun tí omi ti ń dágún, ewéko tó fẹ́ràn ẹsẹ̀ tútù ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó jẹ́ ti agbègbè yín. Ewéko tá a kó wá láti ọ̀nà jíjìn lè gba ilẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́; ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé Akíntọ́lá ti wá, ẹ wo bó ṣe bo ilẹ̀ tó ní Áfíríkà àti Éṣíà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lọ́gbọ́n. Ó ku nǹkan méjì. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà lábẹ́ ewé òdòdó, èèrà sì ń rìn láàárín wọn; àwọn ọ̀gá ní kí n fín wọn. Wọ́n tún ní ewé tó bá wà nílẹ̀ ń mú kí ọgbà dọ̀tí, pé kí n máa sun ún lọ. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Èsì kẹfà

Kòkòrò tó ń fa omi ara ewé nìyẹn, omi dídùn tó ń ti ara wọn jáde ni èèrà ń tọ̀ lẹ́yìn, èèrà sì máa ń gbèjà wọn. Má tíì fín nǹkan kan. Wò ó bóyá kòkòrò róbótó pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn wà níbẹ̀. Àtòun àti ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ wọ́n. Oògùn tó ń pa gbogbo kòkòrò á pa àwọn yẹn náà, àwọn tó ń fa ewé á sì kọ́kọ́ padà. Fi omi hóòsì tó le díẹ̀ gbá wọn dànù láti abẹ́ ewé, kó o tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti ewé, sọ fún wọn pé o fẹ́ ibì kan lẹ́yìn ilé tó fẹ̀ tó mítà kan lóròó àti níbùú. Kó ewé gbígbẹ ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta síbẹ̀, da koríko tútù ìwọ̀n kan mọ́ ọn, títí yóò fi ga tó mítà kan. Bù ú, fún un lọ́wọ́: bí omi bá já ní ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó tó. Àárín rẹ̀ á gbóná, ó lè dé 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru yẹn á sì pa ọ̀pọ̀ èso èpò. Máa yí i. Bó bá ń rùn, omi tàbí koríko tútù ti pọ̀ jù, fi ewé gbígbẹ kún un. Nígbà tó bá di dúdú tó ń fọ́ lọ́wọ́, gbé e fún ọ̀gá kó wò ó.

Èsì kẹta (lẹ́ẹ̀kan sí i)

O bi wá ibi tó o ti lè kọ́ṣẹ́. Wá àjọ tàbí yunifásítì tó ń kọ́ àwọn aráàlú ní iṣẹ́ ọgbà. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1973 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí àwọn yẹn sì ń kọ́ ẹlòmíràn. Ètò náà, Master Gardener, ti tàn kálẹ̀. Nípa ilẹ̀ tí omi ò tó, wá ohun tí wọ́n kọ lórí xeriscape, ìyẹn ọgbà tí kì í gba omi púpọ̀, èyí tí àjọ omi ìlú Denver ní Amẹ́ríkà sọ lórúkọ ní 1981. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìwé àyẹ̀wò erùpẹ̀, ṣọ́bìrì gidi kan àti ayùn tó mú fún ẹ̀ka ni kó o kọ fún àwọn ọ̀gá rẹ. Bí o bá sì ti wú ìdí igi kan, ya fọ́tò rẹ̀ síbí kó o tó gé gbòǹgbò kankan.