Àbọ̀ lórí tẹlisíkóòpù oòrùn wa ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun tí ẹ dáhùn nígbà tí mo béèrè bí ará àdúgbò ṣe lè fi tẹlisíkóòpù àtijọ́ (awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà lójú ọ̀run) wo oòrùn láìná owó ńlá. A ti ṣe é. A ra ọ̀rá ìwo-oòrùn tí ìdá kan péré nínú 100,000 ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, a fi páálí àti téèpù dè é mọ́ ẹnu iwájú, kì í ṣe ibi tí a ń gbé ojú sí, nítorí pé ooru tó ń ṣù jọ níbẹ̀ lè fọ́ dígí, kí ó sì fọ́ ènìyàn lójú. Mo yọ awò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn ọmọdé má baà fi wo oòrùn láìsí ọ̀rá. Ìyá àgbà kan tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, “Háà, àpá dúdú wà lára rẹ̀!” Ibi tí àpá náà wà ló tutù ju ìyókù ojú oòrùn lọ, ìdí nìyẹn tó fi dúdú. Ìbéèrè mi parí síbí.